Tíṣà Dọ́gba Pín Ìtọ́jú Ìyá Rẹ̀

Orúkọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún un ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó ti jẹ́ orúkọ náà pẹ́ débi pé bí ẹnikẹ́ni bá pe èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, kì í tètè mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí. Tíṣà Dọ́gba. Ìṣirò ló fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìṣirò ló sọ ọ́ lórúkọ bí kò ṣe gbígbá kíláàsì. Àwọn tíṣà yòókù a máa fi ìgbálẹ̀ jẹ ọmọ níyà. Ẹni tó bá pariwo ni yóò gbálẹ̀. Tíṣà ní tiẹ̀ kò gbà. Ó ní ilẹ̀ tí gbogbo wọn jọ sọ dọ̀tí, gbogbo wọn ni yóò jọ gbá a. Á mú ṣọ́ọ̀kì, á fi pín ilẹ̀ kíláàsì sí wẹ́wẹ́. Bí ọmọ kan bá ní ibi tòun fẹ̀ ju ti ẹnì kejì lọ, Tíṣà á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú rúlà, á tún un wọ̀n, á máa wí lábẹ́ ẹnu pé, "Dọ́gba-dọ́gba ni." Àwọn ọmọ á máa fi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó jẹ́ sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ nínú kíláàsì rẹ̀.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí, àwọn ọmọ rẹ̀ ti bá iṣẹ́ lọ síbi tó jìnnà. Ó kó ẹrù rẹ̀ padà sí ilé ìyá rẹ̀. Ilé náà kò tóbi: pálọ̀ tóóró kan, yàrá mẹ́ta, àti ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí títì níwájú, níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti ń ránṣọ. Télọ̀ ni gbogbo ènìyàn ń pe ẹ̀gbọ́n yìí. Kò lọ́kọ mọ́, ilé yẹn náà ló ń gbé. Àbúrò wọn obìnrin, tó jẹ́ àbígbẹ̀yìn, ń gbé ní òpópónà kejì, ó ń ṣe búrẹ́dì tà. Ọkọ tirẹ̀ ti kú ní nǹkan bí ọdún márùn-ún sẹ́yìn.

Ìyá wọn ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Nígbà tí agbára wà, ilé ìdáná ilé iṣẹ́ ńlá kan ló ti ṣiṣẹ́, tó ń se oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn òṣìṣẹ́ tó pọ̀ bí eṣú. Ìyá tó le ni, ẹnu rẹ̀ sì mú. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé garawa omi títí di òwúrọ̀ ọjọ́ tí ilẹ̀ balùwẹ̀ yọ̀ ọ́. Egungun ìbàdí rẹ̀ ló kán. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ọsibítù, dókítà sì sọ fún wọn pé ó ṣeé ṣe kó tún dìde, ṣùgbọ́n kí wọ́n má retí rẹ̀ kíákíá. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni kí wọ́n máa gbé e wá, kí wọ́n lè máa kọ́ ẹsẹ̀ náà bí yóò ṣe tún máa tẹlẹ̀.

Nítorí pé Télọ̀ ló sún mọ́ ọn jù, ọrùn rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ bọ́ sí. Kò sí ẹni tó pín in fún un, kò sì sí ẹni tó ní kó má ṣe é. Òun ló ń wẹ̀ fún ìyá láàárọ̀, tó ń se oúnjẹ, tó ń dìde lóru láti yí i padà kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà dá egbò, tó ń fọ aṣọ ibùsùn, tó sì ń bá a dé ọsibítù. Láàárín gbogbo ìyẹn, á sáré padà sídìí maṣíìnì, á ran apá kan, kí wọ́n tó tún pè é. Tíṣà máa ń bi í pé ṣé kò sí ohun tí òun lè ṣe. Télọ̀ á ní kò sí. Tíṣà á sì gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́, nítorí pé ó rọrùn láti gbà gbọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, oníbàárà kan wọ ṣọ́ọ̀bù wá gba aṣọ, ó bá Télọ̀ tó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, ó di apá ẹ̀wù kan mú. Ìyá ń pè é láti inú yàrá, kò dáhùn. Oníbàárà yìí sáré pe Tíṣà. Nígbà tí Tíṣà bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kí ló ṣe wọ́n, Télọ̀ gbójú sókè wò ó.

"Kò sí nǹkan tó ṣe mí," ló wí. "Mo kàn fẹ́ wò ó bóyá ẹlòmíì máa dìde ni."

Lọ́jọ́ náà gan-an ni Tíṣà ránṣẹ́ pe àbúrò wọn, ó sì jókòó sídìí ìṣirò. Kò pẹ́ rárá. Ọjọ́ méje ló wà nínú ọ̀sẹ̀, àwọn mẹ́ta sì ni wọ́n. Kí ẹnìkọ̀ọ̀kan mú ọjọ́ méjì, kí gbogbo wọn jọ ṣe ti ọjọ́ Àìkú. Ẹni tó bá ní ọjọ́, òun ló ni gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ náà, látàárọ̀ dé àárọ̀. Inú rẹ̀ dùn sí i. Ó ní bó bá jẹ́ pé wọ́n ti ṣe é bẹ́ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni, kì bá tí dé orí kí ènìyàn máa jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ìpín náà dára lójú, ṣùgbọ́n kò ṣeé gbé. Bí ọjọ́ Tíṣà bá dé, á gbé omi gbígbóná dé ẹnu ọ̀nà yàrá, á dúró síbẹ̀, ojú rẹ̀ á wà lára kọ́tìnì. Á ní, "Màmá, ṣé ẹ fẹ́ wẹ̀?" Ìyá á dáhùn láti inú pé ooru ò mú òun, ó di ọ̀la. Tíṣà á dúpẹ́, á gbé omi padà. Ó máa ń yá a lára láti gbé e padà ju bó ṣe gbé e wá lọ. Ní ti àbúrò wọn, ọjọ́ tirẹ̀ ni ọjọ́ ọsibítù bọ́ sí. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ní òun ò rí ọkọ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, òjò ni. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ààrò búrẹ́dì ló bàjẹ́. Ẹni tó ń wẹ̀ fún ìyá ní ọjọ́ kejì ọjọ́ Tíṣà, tó sì ń gbé e lọ sí ọsibítù nígbà tí àbúrò kò bá wá, Télọ̀ náà ni. Télọ̀ wá ní ọjọ́ méjì tirẹ̀, ó tún ní àjẹkù ọjọ́ mẹ́rin lórí ẹ̀.

Nígbà tí ìyá tún pàdánù ọjọ́ ọsibítù kan pátápátá, Tíṣà gbaná jẹ. Ó dúró de àbúrò rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí obìnrin náà dé, tìyẹ̀fun-tìyẹ̀fun lọ́wọ́, Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í là á yé e bí ẹni tó ń kọ́ kíláàsì: pé ọjọ́ méjì ni ọjọ́ méjì, pé tẹni kan kò gùn ju tẹnì kejì lọ, pé ẹni tó bá jẹ ìpín rẹ̀ ní gbèsè ń jí ti ẹlòmíì jẹ ni.

Àbúrò jẹ́ kó sọ ọ́ tán. "Bọ̀ọ̀dá," ó wí, "ìpín yín dọ́gba lẹ́nu. Kò dọ́gba lára."

Ó wá sọ fún wọn ohun tí kò tíì sọ rí. Ó ní bẹ́ǹṣì tí wọ́n ń jókòó sí ní ọsibítù náà, òun ló jókòó sí ní ọjọ́ tí wọ́n jáde wá sọ fún òun pé ọkọ òun ti lọ. Bẹ́ǹṣì kan náà ni, wọn ò tíì pààrọ̀ ẹ̀. Ó ní bí òun bá ti gbóòórùn oògùn tí wọ́n fi ń nulẹ̀ níbẹ̀, ṣe ló máa ń dà bíi pé ọjọ́ yẹn náà ni. "Ẹ ní kí n ru àpò ìyẹ̀fun láti ibí dé òpin títì, màá rù ú. Ẹ má ní kí n dé ibẹ̀ yẹn."

 Télọ̀ yíjú sí Tíṣà, ó bi í pé, "Ìwọ ńkọ́? Omi tí ò ń gbé lọ gbé bọ̀?"

Ojú Tíṣà wálẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, síbẹ̀ ó dúró bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Ó ní ojú ń ti òun. Ìyá òun ni, òun ò mọ bí òun ṣe máa bọ́ aṣọ lára ìyá òun. Ohun tó lè sọ nìyẹn.

Ó lọ jókòó sí yàrá rẹ̀, inú rẹ̀ kò dùn, ó sì ń ro ara rẹ̀ wò. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kí a tó ro nǹkan méjì pọ̀, irú kan náà ni kí wọ́n jẹ́. A kì í ro ọsàn pọ̀ mọ́ bàtà. Ohun tí òun gan-an sì ṣe nìyẹn. Ó ka ọjọ́, ó wá rò pé òun ti ka ìnira. Ilẹ̀ kíláàsì ṣeé fi rúlà wọ̀n, nítorí pé ilẹ̀ kan kò wúwo lọ́wọ́ ọmọ kan ju ọmọ kejì lọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ yìí, kò sí òṣùwọ̀n kankan fún un lóde. Inú ara oníkálukú ni òṣùwọ̀n rẹ̀ wà, bí ẹni náà kò bá sì sọ ọ́, ta ló máa mọ̀?

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó pe àwọn méjèèjì jọ sídìí tábìlì tí Télọ̀ fi ń gé aṣọ. Ó mú àgékù aṣọ márùn-ún, àwọ̀ wọn yàtọ̀ síra, ó tẹ́ wọn sílẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ìwẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ohun tó bá a rìn, ọ̀kan oúnjẹ, ọ̀kan ọsibítù, ọ̀kan dídìde lóru, èyí tó kẹ́yìn jẹ́ fífọ aṣọ ibùsùn. Ó wá ka bọ́tìnì ogún-ogún fún oníkálukú láti inú agolo Télọ̀. Ó ní kí wọ́n kó bọ́tìnì lé iṣẹ́ bó ṣe wúwo lára wọn tó. Èyí tí kò bá ni wọ́n lára, kí wọ́n má fi nǹkan kan sí i. Èyí tí wọn ò bá fẹ́ rí sójú, bó wù wọ́n kí wọ́n kó gbogbo ogún lé e lórí. Kí bọ́tìnì má ṣáà kù lọ́wọ́.

Àbúrò rẹ̀ bi í pé bí ẹnì kan bá purọ́ ńkọ́. Tíṣà ti ń retí ìbéèrè náà. Ó ní ẹni tó bá kó bọ́tìnì lé ohun tí kò ni ín lára, díẹ̀ ni yóò kù fún un láti kó lé ohun tó ń bẹ̀rù gan-an, ohun náà ni wọ́n á sì gbé fún un.

Télọ̀ ní, "Ìyẹn ni pé ẹni tó bá se irọ́, òun náà ló máa jẹ ẹ́." Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó bọ́tìnì tirẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n wo tábìlì. Méjìlá nínú ogún Tíṣà ló wà lórí ìwẹ̀. Ó lé díẹ̀ ní ìdajì ti àbúrò lórí ọsibítù. Kò sí ẹni tí ìyẹn yà lẹ́nu. Ti Télọ̀ ló yà wọ́n lẹ́nu. Bọ́tìnì kan ṣoṣo ló fi sórí ìwẹ̀, ó kó mẹ́wàá lé oúnjẹ.

Tíṣà rò pé ó ṣì í kà ni. Télọ̀ ní òun ò ṣì í. Ó ní láti kékeré òun, òun ò tíì gbé oúnjẹ síwájú ìyá àwọn kó má rí nǹkan sọ sí i. Bí iyọ̀ ò bá pọ̀ jù, iná á ti pọ̀ jù. "Mo lè wẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, kò ní rẹ̀ mí," ó wí. "Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbé àwo síwájú ẹ̀, mo ti tún di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nìyẹn."

Lẹ́yìn èyí, ìpín náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pín ara rẹ̀. Wọ́n gbé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó fúyẹ́ lára rẹ̀ jù. Télọ̀ mú ìwẹ̀. Àbúrò mú oúnjẹ. Ó ní ìdí iná lòun wà látàárọ̀ bó ṣe wù kó rí, ìkòkò kan sí i kò lè pa òun, àti pé bí ìyá bá bú ọbẹ̀ òun, ẹ̀rín lòun máa fi rín. Ọsibítù bọ́ sọ́wọ́ Tíṣà, ẹni tí kò fi bọ́tìnì kankan sí i. Kò sí ohun tó wù ú bíi kó jókòó sójú kan kó máa ka ìwé. Ó gba ti òru mọ́ ọn, nítorí oorun rẹ̀ kò pọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó wá ku fífọ aṣọ ibùsùn. Ìyẹn wúwo lára gbogbo wọn bákan náà, kò sí ẹni tó gbádùn ẹ̀ ju ẹnì kejì lọ. Wọ́n ní kí wọ́n máa ṣe é ní ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀, kó máa yí ká láàárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Tíṣà bi wọ́n léèrè nǹkan kan sí i. Ó ní kí oníkálukú wo ìpín ẹnì kejì, ṣé ó wù ú kó fi tirẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀? Télọ̀ wo oúnjẹ, ó ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Àbúrò wo ti Tíṣà, ó mi orí. Tíṣà fúnra rẹ̀ wo ti Télọ̀, ó dúpẹ́ nínú ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe jókòó yí tábìlì ká, tí oníkálukú ń rò pé òun ló rẹ́ àwọn yòókù jẹ.

Pákó pẹlẹbẹ kan péré ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù àti yàrá ìyá. Kò sí èyí tó rántí.

"Èmi lẹ̀ ń kó bọ́tìnì lé lórí?" Ohùn ìyá ló wá láti ẹ̀yìn pákó.

Wọ́n wo ara wọn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé tọ̀ ọ́. Ó dùbúlẹ̀, orí rẹ̀ ga lórí ìrọ̀rí, kò sì dà bí ẹni tó ń bínú, èyí tó tún bà wọ́n lẹ́rù jù. Ó bi wọ́n pé ta ló kó èyí tó pọ̀ jù lé òun. Tíṣà ní kì í ṣe ìyá ni wọ́n kó o lé, iṣẹ́ ni.

"Ara ta ni iṣẹ́ ọ̀hún wà?" ìyá wí.

 Tíṣà wò ó pé irọ́ kò lè tún nǹkan ṣe mọ́. Ó ní, "Ìwẹ̀ yín ni, màmá. Èmi ni mo kó méjìlá lé e."

Ìyá wò ó títí. Lójijì ẹ̀rín gbé e, ó rín in títí tí ìbàdí fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, tó ní kí wọ́n bá òun di apá kan ibùsùn mú. "Kí lo rò pé ó ń mú mi sọ pé ooru ò mú mi?" ó wí. "Ojú ń ti èmi náà. Mò ń rùn níbí, mò ń ní ó di ọ̀la, nítorí kí ọmọ mi lè gbé omi rẹ̀ padà ní àlàáfíà."

Nígbà tí ẹ̀rín náà lọ, ó na ọwọ́. Ó ní kí wọ́n kó tòun wá.

Kò sí èyí tó ronú kan pé ìyá náà yẹ kó ní bọ́tìnì. Télọ̀ lọ kó ogún wá, ó dà á sórí aṣọ ìbora níwájú rẹ̀. Àbúrò fẹ́ tẹ́ àwọn àgékù aṣọ náà fún un, ṣùgbọ́n ìyá ní ìyẹn kọ́ ni ìṣòro tòun. Ó mú bọ́tìnì díẹ̀, ó fi sí apá ọ̀tún: èyí jẹ́ ti pé wọ́n máa ń yí òun kọjú sí ògiri, wọ́n á gbàgbé òun síbẹ̀. Ó fi méjì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún tíì tó ti tutù. Gbogbo èyí tó kù, ó fi ọwọ́ gbá wọn jọ sójú kan.

"Èyí ni ti ìmí yẹn," ó wí.

Wọn kò mọ ìmí tó ń sọ.

"Ìmí tí ẹ máa ń mí kí ẹ tó gbé mi." Ó sì ṣe é fún wọn. Ti Télọ̀ dà bí ìgbà tí atẹ́gùn ń jáde lára táyà. Ti Tíṣà, imú ni, ó kúrú. Ti àbúrò gùn, "Olúwa o" ló máa ń gbẹ̀yìn ẹ̀. Ó ṣe é dáadáa débi pé ẹnìkọ̀ọ̀kan dá tirẹ̀ mọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí èyí tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òun ń mí in. "Pé mo wúwo, mo mọ̀," ìyá wí. "Èmi náà ni mo ti ń gbé ara mi kiri látọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbọ́ ìmí yẹn, ṣe ló máa ń ṣe mí bíi kí n má jẹun mọ́, kí n lè fúyẹ́."

Télọ̀ ló kọ́kọ́ jáde. Wọ́n gbọ́ tó ń fọn imú ní ṣọ́ọ̀bù. Tíṣà jókòó sí etí ibùsùn, ó ń wo òkìtì bọ́tìnì náà. Nínú gbogbo ìṣirò tó mọ̀, kò rí bí a ṣe fẹ́ pín ìyẹn. Kò ṣeé pín. Kí wọ́n mú un kúrò ló kù.

Kò rọrùn bí wọ́n ṣe rò. Ìmí kì í gbàṣẹ kó tó jáde. Láwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, Tíṣà á sé èémí kó tó gbé ìyá lóru, á fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú, á wá máa wúkọ́, ìyá á sì bi í pé ṣé ó fẹ́ kí òun wá gbé e ni. Télọ̀ rí ọgbọ́n kan dá: bó bá ti fẹ́ gbé ìyá, á bẹ̀rẹ̀ ìtàn oníbàárà kan, pé lágbájá tún sanra kò sì gbà pé òun sanra, ó ní aṣọ ló súnkì. Ìyá á ti máa dá sí i, kó tó mọ̀ wọ́n á ti gbé e jókòó. Àbúrò ní tiẹ̀ á máa ka ẹní, èjì, ẹ̀ta sókè, bó ṣe máa ń kà á nígbà tó bá fẹ́ gbé páànù búrẹ́dì kúrò nínú ààrò.

Ìpín náà kò dúró sójú kan. Nígbà tí orúnkún Télọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, wọ́n tún jókòó, wọ́n tún kó bọ́tìnì, òkìtì náà kò sì rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ìwẹ̀ kúrò lọ́wọ́ Télọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó lọ sọ́dọ̀ àbúrò, oúnjẹ sì bọ́ sọ́wọ́ Tíṣà. Ìrẹsì tó kọ́kọ́ sè, ìsàlẹ̀ ẹ̀ jóná, òkè ẹ̀ ò jinná. Ìyá jẹ ẹ́ tán, ó ní ó dùn. Télọ̀ gbọ́ ọ láti ṣọ́ọ̀bù, kò bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìgbà kan wà tí àbúrò tẹ̀ lé wọn lọ sí ọsibítù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó wá. Kò wọlé. Ó jókòó sábẹ́ igi níta gbangba, ó ń jẹ búrẹ́dì, títí wọ́n fi jáde. Wọn kò bi í ní nǹkan kan.

Ìyá ti ń dìde báyìí. Ó lè di férémù ilẹ̀kùn mú, kó dúró fún ìgbà tí omi tíì fi máa hó. Bí ọ̀nà bá jìn, wọ́n á gbé e sórí àga onítáyà, Tíṣà á máa tì í.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí wọ́n ṣe ń bọ̀ láti ọsibítù, wọ́n bá àwọn ọkùnrin mẹ́rin kan létí títì. Gọ́tà ńlá kan ló dí, wọ́n sì ti ṣí ìdérí rẹ̀. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró yí i ká, wọ́n ń wo inú rẹ̀, kò sí èyí tó fẹ́ wọ̀ ọ́. Ọ̀kan ń tọ́ka sí èkejì, èkejì ń tọ́ka sí ẹ̀kẹta. Àga náà rọra dúró. Ìyá kò bojú wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ó gbọ́ bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń tún ọ̀nà ọ̀fun ṣe, bí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

"Tì mí lọ," ìyá wí. "Oúnjẹ mi ń tutù nílé."